Ta Ni Wọ́n Ṣílẹ̀kùn Fún? Ìtàn Ijó Bọ́ọ̀lùrúùmù àti Àwọn Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Nílùú Èkó

 

Ìtàn ijó bọ́ọ̀lùrúùmù nílùú Èkó ni ẹ ní kí n wá sọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa rò ó lọ́kàn pé kí ló kàn wá nínú ijó tí ọkùnrin ń di obìnrin mú, tí àwọn méjèèjì sì ń yí gbọ̀ngàn po láìtẹ̀ ẹ̀yìn, nígbà tí bàtá, dùndún àti sákárà wà nílẹ̀. Ó kàn wá púpọ̀. Ijó yìí ti wà ní Èkó kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù ní 1914. Inú gbọ̀ngàn rẹ̀ ni a ti tọ́ orin háíláìfù dàgbà. Nídìí rẹ̀ ni àwọn olórin wa ti kọ́ bí a ṣe ń fi orin jẹun, tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ àti akọ̀wé ti kọ́ bí a ṣe ń darí ẹgbẹ́, tí ọ̀pọ̀ obìnrin sì ti ní ẹ̀tọ́ láti sọ ní gbangba pé, "Rárá, mi ò ní bá ọ jó."

Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa lónìí ni pé ìtàn ijó yìí, ìtàn ìlẹ̀kùn ni. Àwọn díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí i fún. Láàárín nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, àwọn ènìyàn wa ṣí i síwájú sí i, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìlù, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìfẹ̀hónúhàn, títí ó fi di ti gbogbo ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Èkó ṣe di Èkó, kó wá wo ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ijó.

Èkó Àwọn Sàró àti Àgùdà

Ní ọdún 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Kó tó dìgbà náà ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun tí ó sì kó lọ sí Freetown, ti ń padà bọ̀ wálé. Àwọn ni a mọ̀ sí Sàró. Láti Bàháyà àti àwọn ìlú mìíràn ní Bùràsíìlì, àti díẹ̀ láti Kúbà, ni àwọn Àgùdà náà ti ń dé. Àwọn Sàró mú ìwé, ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì àti iṣẹ́ ìwé ìròyìn wá. Àwọn Àgùdà mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà, oúnjẹ wọn, ìlù sámbà wọn àti ayẹyẹ wọn wá sí Pópó Àgùdà.

Láàárín àwọn wọ̀nyí àti àwọn òyìnbó oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni ijó bọ́ọ̀lùrúùmù ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní Èkó. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1880, ìwé ìròyìn wà tó ń ròyìn àṣeyẹ wọn. Richard Beale Blaize dá Lagos Times sílẹ̀ ní 1880, Lagos Observer sì tẹ̀ lé e ní 1882. Eré orin, eré orí ìtàgé, ìgbéyàwó àti ijó alẹ́ àwọn ọ̀tọ̀kùlú kò ṣọ̀wọ́n nínú irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀. Quadrille, lancers, polka àti waltz ni ijó ìgbà náà. Ní 1899, wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Ìrántí Glover, tí wọ́n kọ́ ní ìrántí John Hawley Glover tó ṣàkóso Èkó láàárín 1863 sí 1872. Láti ìgbà náà, èrò eré orin, eré ìtàgé àti ijó rí ilé gidi kan kó sí.

Ìlẹ̀kùn ìgbà náà kò fẹ̀ rárá. Ẹni tí a bá fún ní káàdì ìpè ló ń wọlé. Ọkùnrin gbọdọ̀ ní kóòtù dúdú àti ìbọ̀wọ́ funfun, obìnrin gbọdọ̀ ní gáùn tó wọ́lẹ̀. Owó aṣọ nìkan ti tó láti yọ alápatà, apẹja àti ìyá oníṣòwò ọjà Fájì kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Kí ènìyàn tún tó mọ lancers jó, ó ní láti rí ẹni tí yóò kọ́ ọ, nítorí ijó àwọn ènìyàn tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni, àṣìṣe ẹnì kan sì ń da ti gbogbo wọn rú. Ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ìdílé ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó yẹ.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín wo àwọn ènìyàn yìí, kí a ní aláfarawé òyìnbó lásán ni wọ́n. Àsìkò kan náà tí wọ́n ń jó waltz ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bi ara wọn léèrè irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Ní 1894 ni David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, pa orúkọ náà tì, tó di Mọ́jọlà Agbébí, tó sì ń wọ aṣọ ilẹ̀ wa. Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, mọ fayolíìnì ta, ó ń pe eré orin sílé ara rẹ̀, òun kan náà ló sì jà fún ilé Dòsùnmú, tó bá àwọn ọlọ́jà àti àwọn onílẹ̀ Èkó dúró níwájú ìjọba. Fayolíìnì kò sọ ọ́ di ẹrú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe lè gba orin láti ibikíbi, kó sì dá ara rẹ̀ mọ̀.

Ohun Tí Ijó Náà Ń Béèrè Lọ́wọ́ Ara

Ẹ jẹ́ kí a wo ijó náà fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tí kò jó o rí lè máa rò pé ìrìn lásán ni. Ọkùnrin àti obìnrin yóò kojú síra. Ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin yóò wà lẹ́yìn obìnrin, nísàlẹ̀ egungun èjìká òsì rẹ̀. Ọwọ́ òsì ọkùnrin yóò di ọwọ́ ọ̀tún obìnrin mú. Ẹ̀yìn á tọ́, orúnkún á rọ̀. Gbogbo àwọn tó wà lórí ilẹ̀ yóò máa yí gbọ̀ngàn po ní òdìkejì bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, kí ẹnikẹ́ni má baà kọlu ẹlòmíràn. Mẹ́ta-mẹ́ta ni ìlù waltz ń lọ, èyí àkọ́kọ́ ló sì wúwo jù. Mẹ́rin-mẹ́rin ni ti foxtrot: ẹsẹ̀ méjì á fara balẹ̀, ẹsẹ̀ méjì á yá. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdìpọ̀ ìlù mẹ́ta-mẹ́ta tí waltz òde òní ń ní tó nǹkan bí 30. Quickstep, tó ń lọ ní mẹ́rin-mẹ́rin, tó nǹkan bí 50.

Ìlànà tó le yìí kò ti ayébáyé wá. Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ni àwọn olùkọ́ ijó ní Lọ́ńdọ̀nù jókòó láti pinnu bí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe gbọdọ̀ rí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpàdé náà ní 1920. Victor Silvester, tó gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé ní 1922 pẹ̀lú Phyllis Clarke, kọ ìwé rẹ̀ lórí ijó náà jáde ní 1927. Ní 1935 ó dá ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀ sílẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ìlù yára tàbí kó falẹ̀ ju ìwọ̀n lọ. Ìwé àti àwo orin gba ọkọ̀ ojú omi kọjá sí gbogbo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ní ẹ̀rọ giramafóònù nílé lè kọ́ ijó tí wọ́n ń jó ní Lọ́ńdọ̀nù láìkúrò ní Èkó.

Ẹ wá fi èyí wé bí a ṣe ń jó nílé. Lọ́dọ̀ wa, ara ń dá ìlù lóhùn. Dùndún á sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ á fèsì. Ìdí á rẹlẹ̀, èjìká á máa sọ tirẹ̀. Oníjó á bọ́ sójú agbo, á jó tirẹ̀, wọ́n á lẹ owó mọ́ ọn níwájú, á sì padà sáàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọkọ àti aya lè wà lójú agbo kan náà, wọn kì í di ara wọn mú. Ẹni tí a tọ́ nílé Yorùbá ìgbà náà, tó bá wá rí ọmọbìnrin tó gbé ọwọ́ lé èjìká ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo ayé, ẹnu yóò yà á. Ẹnu ya ọ̀pọ̀ oníwàásù náà. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni wọ́n; wọ́n rí i pé ijó yìí ń gbé ọkùnrin àti obìnrin sí ipò tuntun síra wọn.

Ní tèmi o, ipò tuntun yẹn wà lára ohun tó dára jù nínú rẹ̀. Ọkùnrin kò lè dá a jó. Ó gbọ́dọ̀ rìn lọ bá obìnrin níjokòó, kó tẹrí ba, kó tọrọ. Obìnrin lè gbà, ó lè kọ̀. Bí ó bá gbà, ọkùnrin ni yóò máa tọ́nà, ṣùgbọ́n bí ó bá ń fà á bí ẹni ń fa okùn, gbogbo ilé á rí i pé kò mọ̀ ọ́n. Bí ijó bá parí, ó gbọ́dọ̀ sìn ín padà síbi tó ti gbé e. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde ni Yorùbá wí. Gbọ̀ngàn ijó wá di òde tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀ṣọ́ náà wò.

Ẹgbẹ́ Gba Ijó Lọ́wọ́ Ọ̀tọ̀kùlú

Ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, Èkó ti yí padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jáde ní ilé-ìwé girama, tó rí iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, réluwéè tàbí ilé iṣẹ́ òyìnbó oníṣòwò, ti pọ̀ sí i. Wọn kì í ṣe ọmọ ọlọ́rọ̀ àdúgbò Marina, ṣùgbọ́n wọ́n ní owó oṣù, wọ́n lè ka ìwé, wọ́n sì fẹ́ ṣeré bí ènìyàn ìlú ńlá. Ọ̀nà tí wọ́n fi wọlé kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹgbẹ́ ni wọ́n dá sílẹ̀.

Yorùbá ti mọ ẹgbẹ́ tipẹ́: ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ẹgbẹ́ tó ń dá èsúsú, ẹgbẹ́ tó ń ra aṣọ kan náà wọ lọ sóde. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ohun tí apá ẹnì kan kò ká, bí ogún ènìyàn bá dáwó jọ, wọ́n lè gba gbọ̀ngàn, wọ́n lè san owó olórin, wọ́n lè tẹ tíkẹ́ẹ̀tì tà fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ní alága, ó ní akọ̀wé tó ń kọ ohun tí wọ́n sọ níbi ìpàdé, ó ní akápò tó gbọ́dọ̀ ṣírò owó lójú gbogbo wọn. Òfin wà lórí aṣọ, lórí ọtí, lórí ìjà. Ẹni tó bá rú u, wọ́n á bu owó ìtanràn lé e. Mo ń fẹ́ kí a ṣàkíyèsí èyí dáadáa: kí ará Èkó tó ní ìbò tó gbòòrò láti fi yan ẹni tí yóò ṣàkóso wọn, wọ́n ti ń dìbò yan alága ẹgbẹ́ ijó wọn.

Kòkòrò tó ń jó lẹ́bàá ọ̀nà, onílù rẹ̀ ń bẹ nínú igbó. Ta ni onílù àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí? Àwọn ọmọ ogun àti ọlọ́pàá tó kọ́ fèrè nínú ẹgbẹ́ olórin ìjọba wà níbẹ̀. Àwọn olórin tó ti Kàlàbá wá pẹ̀lú fèrè onídẹ wà níbẹ̀. Láàárín àwọn ogun àgbáyé méjèèjì, orúkọ bíi Lagos City Orchestra, Chocolate Dandies àti ẹgbẹ́ olórin Triumph Dance Club gbajúmọ̀ ní Èkó, tí wọ́n ń lu foxtrot àti waltz fún àwọn oníjó.

Fẹlá Ṣówándé wà lára wọn. Ọmọ àlùfáà ni, wọ́n bí i ní 1905. Lábẹ́ bàbá rẹ̀ àti lábẹ́ Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Èkó, ló ti kọ́ orin. Ní ọjọ́ Ìsinmi, orin ìsìn. Ní alẹ́ ijó, ó ń darí àwọn olórin tó ń lu jáàsì àti ijó bọ́ọ̀lùrúùmù. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní àárín àwọn ọdún 1930, ó jẹun nídìí jáàsì níbẹ̀, ó di olùtẹ dùùrù ní Kingsway Hall, ó sì kọ African Suite tí gbogbo ayé mọ̀ ní 1944. Ẹni tó bá ń yin Ṣówándé gẹ́gẹ́ bí bàbá orin kíkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kó rántí pé gbọ̀ngàn ijó Èkó wà lára ibi tó ti kọ́ bí a ṣe ń to ohùn fèrè pọ̀.

Ohun mìíràn tún dé. Láti 1933 ni ilé iṣẹ́ HMV ti ń kó àwo orin Kúbà tí wọ́n fi lẹ́tà GV sàmì sí wá tà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní 1935, wọ́n na wáyà rédíò dé ilé àwọn ènìyàn ní Èkó. Kúbà yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ṣẹrú, tí wọ́n ń pè wọ́n ní Lùkúmì, tí bàtá sì ń dún níbẹ̀ títí dòní. Kóńgò àti Sípéènì ní ọwọ́ tó pọ̀ nínú orin náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi méjì tí wọ́n ń kàn mọ́ra nínú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tí agogo ń ṣe láàárín ìlù wa. Nígbà tí rumba, orin Kúbà yìí, wọ gbọ̀ngàn, ìdí tí waltz ti ní kó dúró gírígírí rí àyè mì.

Àwọn Tó Dúró Síta

Ní etíkun Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, irú nǹkan kan náà ń ṣẹlẹ̀. Excelsior Orchestra bẹ̀rẹ̀ ní Àkíràá ní 1914. Ní ilé ẹgbẹ́ bíi Rodger Club, àwọn ọkùnrin wọ kóòtù àṣálẹ́ àti fìlà gíga, wọ́n sanwó ẹnu ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ lásán kò lè san. Síta ni èrò dúró sí, tí wọ́n ń gbọ́ orin, tí wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé. Yebuah Mensah, olórin Gánà, sọ pé àwọn tó dúró síta yìí ló fún orin náà lórúkọ tó ń jẹ́, háíláìfù, nítorí ayé àwọn ẹni gíga ni wọ́n rí nínú ilé náà. Orúkọ náà ni gbogbo wa ń pè títí dòní.

Ní Èkó, ìlẹ̀kùn méjì ló wà: ti owó, àti ti àwọ̀. Òyìnbó ní ilé ẹgbẹ́ tirẹ̀, aláwọ̀ dúdú kò sì lè wọ̀ ọ́ àyàfi kó gbé àwo oúnjẹ. Ní 1926 ni àwọn ọmọ Yorùbá kan dá Yoruba Tennis Club sílẹ̀ kí wọ́n lè ní ibi ìṣeré tiwọn. Ní 1938 ni Ikoyi Club bẹ̀rẹ̀, àwọn òyìnbó nìkan ló sì wà fún nígbà náà. Ní 1943 ni a dá Island Club sílẹ̀, tí Sir Adéyẹmọ Alákijà jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ yìí pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé dúdú àti funfun yóò jọ jókòó.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì Bristol ṣẹlẹ̀ ní 1947. Ìjọba Lọ́ńdọ̀nù rán Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ àgbà aláwọ̀ dúdú ní iléeṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, wá sí Èkó. Wọ́n ti gba yàrá sílẹ̀ fún un. Nígbà tí onílé rí àwọ̀ rẹ̀, ó ní kò sí àyè. Ìlú gbóná. Ìwé ìròyìn gbé e, ìpàdé ìta gbangba wáyé, Gómìnà Arthur Richards sì ní láti pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin ní àwọn ibi tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ilé ẹgbẹ́, hòtẹ́ẹ̀lì àti gbọ̀ngàn ijó ni ojú ìjà yìí, nítorí ibẹ̀ ni ojúlówó ìbéèrè wà: ṣé o lè jókòó tì mí, ṣé o lè jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ṣé a lè jọ wà lórí ilẹ̀ kan?

Háíláìfù Ṣí I Gbayawu

Ọdún 1947 yẹn náà ni Bobby Benson padà dé. Ọmọ Ìkòròdú ni, ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, ó ti ṣe eré ijó kiri Yúróòpù. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Cassandra, bẹ̀rẹ̀ eré ìtàgé, lẹ́yìn náà ó dá Jam Session Orchestra sílẹ̀. Swing, jive, samba àti bọ́ọ̀lùrúùmù ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni E. T. Mensah àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, Tempos, láti Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í yí ilẹ̀ wa ká, tí gbogbo ìlú sì rí i pé a lè fi sasofóònù àti tírọ́ḿpẹ́ẹ̀tì kọ orin tó jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà, kí ọ̀tọ̀kùlú jó o, kí akọ̀wé jó o, kí awakọ̀ náà jó o. Benson gbà á mọ́ra. Orin rẹ̀ nípa awakọ̀ takisí gba gbogbo ìlú kan. Ilé ijó alẹ́ rẹ̀, Caban Bamboo, ní ọ̀nà Ìkòròdú, di ibi tí ẹnikẹ́ni tó bá ní owó tíkẹ́ẹ̀tì lè wọ̀.

Ọ̀dọ̀ Benson ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá olórin ti kọ́ṣẹ́. Victor Ọláìyá, tí wọ́n bí ní Kàlàbá ní 1930, ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Ìsù ní Èkìtì, kọjá níbẹ̀ kó tó dá ẹgbẹ́ olórin Cool Cats sílẹ̀ ní 1954. Roy Chicago, ọmọ Ìkàrẹ́ Àkókó, náà kọjá níbẹ̀. Òun ló gbé ìlù tó ń sọ̀rọ̀ wọ àárín fèrè, tí gángan fi ń pe oníjó lórúkọ lórí ilẹ̀ tí waltz ti ń jọba. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kọ orin lábẹ́ Ọláìyá. Tony Allen, tí ìlù rẹ̀ yóò di ìpìlẹ̀ Afrobeat, ọ̀dọ̀ Ọláìyá ló ti rí iṣẹ́ olórin rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ijó náà fúnra rẹ̀. Ọkùnrin àti obìnrin ṣì ń di ara wọn mú, ṣì ń yí gbọ̀ngàn po. Foxtrot ṣì wà nínú ẹsẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n orúnkún ti tẹ̀, ìdí ti ń gba ìlù, ọwọ́ á tú, àwọn méjèèjì á pínyà díẹ̀, kálukú á jó tirẹ̀, wọ́n á tún padà wá di ara wọn mú. Ijó Lọ́ńdọ̀nù àti ijó ojú agbo ti gbé ara wọn níyàwó. Nínú ìwé *People of the City* tí Cyprian Ekwensi tẹ̀ jáde ní 1954, akọ̀ròyìn tó tún ń darí ẹgbẹ́ olórin ní Èkó ni ẹni tí ìtàn náà dá lé. Òǹkọ̀wé náà mọ̀ pé bí a bá fẹ́ rí gbogbo irú ènìyàn tó wà ní ìlú, gbọ̀ngàn ijó ni kí a lọ.

Kì í ṣe Èkó nìkan. Ìbàdàn ní Paradise Club, níbi tí Eddy Okonta ti ń fun tírọ́ḿpẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá, Ambrose Campbell, ọmọ Èkó, àti West African Rhythm Brothers rẹ̀ sọ ilé Abalabi ní Soho di ibi tí ọmọ Yorùbá tó ń kàwé lókè òkun ti lè gbọ́ ohùn ilé nínú òtútù.

Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wá sí Nàìjíríà ní 1956, Cool Cats ni wọ́n pè láti lu ijó ìjọba. Ní 1960, nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, ìròyìn kàn pé Edmundo Ros, olórin láti Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n fẹ́ gbé wá fún ijó òmìnira. Ẹgbẹ́ àwọn olórin Nàìjíríà, tí Bobby Benson ṣáájú, jáde sí títì, wọ́n lọ bá Tafawa Balewa, olórí ìjọba, ní ọ́fíìsì rẹ̀. Wọ́n bèèrè pé òmìnira wo ni a ń ṣe bí àwọn ọmọ ilẹ̀ kò bá ní lè lu ìlù rẹ̀. Ìjọba gbọ́, Ọláìyá àti Cool Cats sì lu ijó òmìnira. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni ìlẹ̀kùn tó kẹ́yìn ṣí. Ẹgbẹ́, ohun tí Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́, ló ṣí i.

Ìgbà Tí Gbọ̀ngàn Pa Iná

Ayọ̀ náà kò pẹ́ tó. Rúkèrúdò 1966 àti ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 lé ọ̀pọ̀ olórin tó jẹ́ ọmọ Ìlà-oòrùn kúrò ní Èkó. Wọ́n pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ olórin, àìsí wọn sì mú kí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fọ́. Ẹgbẹ́ olórin ńlá ń náni lówó: fèrè mẹ́rin, gìtá, ìlù, olórin, mọ́tò tó ń kó wọn. Jùjú, tí Tunde King ti ń kọ ní Èkó láti àwọn ọdún 1930, dì mọ́ gìtá oníná, Ebenezer Obey àti Sunny Adé sì gbé e lékè. Àṣeyẹ kúrò nínú gbọ̀ngàn, ó bọ́ sí títì lábẹ́ tẹ́ǹtì. Ìnáwó di ohun tí gbogbo àdúgbò ń wò. A padà sí ojú agbo, kálukú ń jó tirẹ̀, owó sì ń rọ̀ lé olórin lórí.

Èmi kò dá jùjú lẹ́bi. Ó gbé èdè wa ga, ó mú àyájọ́, oríkì àti òwe wọ inú orin ìgbàlódé ju bí háíláìfù ṣe ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a pàdánù. Nínú gbọ̀ngàn ijó, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni gbogbo ènìyàn fi ń wọlé. Kò sí ẹni tí wọ́n ń kọ oríkì rẹ̀ nítorí owó tó ná ní alẹ́ yẹn. Alága ẹgbẹ́ àti akọ̀wé kékeré jọ ń tọrọ ijó lọ́wọ́ obìnrin kan náà ni, obìnrin náà ló sì ń yan ẹni tó wù ú. Ìbáradọ́gba yẹn kò rọrùn láti rí níbi tí ọlọ́rọ̀ ti ń náwó kí olórin lè pe orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ Tó Kàn Wá

Kí ni kí a ṣe? Mo ní ìmọ̀ràn mẹ́ta, mo sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ ijó kọ̀ọ̀kan gbé wọn yẹ̀ wò níbi ìpàdé rẹ̀.

Àkọ́kọ́, ìwé àti àwòrán. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Yábàá, Ẹ̀bùté-Mẹ́tta, Súrùlérè àti Ìbàdàn, ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ ijó, tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé ètò alẹ́ ijó àti fọ́tò wà nínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ikán ń jẹ wọ́n. Bí àgbà kan bá jáde láyé, àwọn ọmọ á da gbogbo rẹ̀ sórí ààtàn nítorí wọn kò mọ ohun tó jẹ́. Ẹ kó wọn jọ. Ẹ ya fọ́tò wọn sórí fóònù, ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà nínú àwòrán sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì gbé ojúlówó rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́, irú bí Ilé Àkójọ Ìwé Àtijọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìbàdàn.

Èkejì, ohùn àgbà. Olórin tó gbajúmọ̀ ní ìwé ìròyìn tó kọ nípa rẹ̀. Oníjó kò ní. Ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà kò ní, obìnrin tó ń rán gáùn kò ní, akápò tó ń ṣírò owó kò ní. Kí ọ̀dọ́ lọ jókòó tì wọ́n, kó gba ohùn wọn sílẹ̀ ní Yorùbá tí wọ́n ń sọ, kó bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n san, aṣọ tí wọ́n wọ̀, ẹni tí wọ́n jó pẹ̀lú, ìdí tí ẹgbẹ́ wọn fi tú ká.

Ẹ̀kẹta, ijó náà fúnra rẹ̀. Kí a kọ́ ọ, kí a sì kọ́ ọ ní gbangba. Bí ẹgbẹ́ kan bá bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ijó lónìí ní hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá ní Victoria Island nìkan, ó ti ti ìlẹ̀kùn padà sí ibi tó wà ní 1899. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé ìjọba wà ní gbogbo àdúgbò. Ẹ̀rọ kékeré kan àti orin Ọláìyá ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ alágbàfọ̀ jó pẹ̀lú ọmọ lọ́yà, kí arúgbó kọ́ ọ̀dọ́, kí ọ̀dọ́mọkùnrin kọ́ láti tọrọ àyè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó sì kọ́ láti gba "rárá" láìbínú.

Àwọn bàbá àti ìyá wa gba ijó kan tí a kò pè wọ́n sí, wọ́n fi ọgbọ́n ẹgbẹ́ sọ ọ́ di ti gbogbo ìlú. Ẹrù tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún wa nìyẹn, ó sì tó gbé. Ẹgbẹ́ tó bá ń wá ẹni tí yóò tì síta kò lóye ìtàn ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń wá ẹni tí yóò pè wọlé ni arọ́pò wọn gidi.